Bẹ́líìtì Tí Senda Kò Fà Dé Òpin

Kí Senda tó dé ilé Pare Emong, tó fẹ́ ta mọ́tò fún un, ó ti ní kí mẹkáníìkì tó mú dání padà sílé.

Dado ni orúkọ mẹkáníìkì náà. Ọmọ àbúrò bàbá Senda ni, ó sì ti pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn nítorí rẹ̀. Wọ́n jọ rìn dé ẹ̀gbẹ́ ilé àdúrà kékeré tó wà ní ìkóríta, Dado gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ni Senda bá dúró láàrin ọ̀nà.

"Dado, má bínú. Máa lọ sílé."

"Kí ló dé, Ate, ẹ̀gbọ́n mi? Wọn ò sí nílé ni?"

"Wọ́n wà nílé. Ojú ló ń tì mí. Pare Emong ni bàbá ìsàmì ọmọ mi. Báwo ni màá ṣe mú mẹkáníìkì wọlé tọ̀ wọ́n, bí ẹni mú ọlọ́pàá wá?"

"Mọ́tò ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Mi ò fẹ́ yẹ Pare Emong wò."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa rí lójú wọn nìyẹn."

Dado fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ibi tí wọ́n ń wò. Ẹ wò ó dáadáa o. Ẹ má lọ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín lásán. Àbí mi ò mọ̀ yín?"

Ó yí padà, irin ń ró gbangan-gbangan nínú àpò rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Òótọ́ ni Dado sọ. Senda mọ ibi tí wọ́n ń wò ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Kí àìsàn ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò lẹ́bàá odò Marikina ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbàkígbà tí odò bá kún tó wọ àdúgbò, àwọn tó ń ta mọ́tò àlòkù máa ń kó àwọn tí omi ti bò wá. Iṣẹ́ Senda ni láti yọ àga, kó ká kápẹ́ẹ̀tì, kó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ẹrẹ̀ kúrò ní gbogbo kọ̀rọ̀, títí mọ́tò tó ti mu omi yó á fi máa dán bíi tuntun. Kò béèrè ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kì í dé: bẹ́líìtì tó ká sínú ògiri ọkọ̀, ìdí àwọn nọ́ọ̀tì tó di àga mọ́lẹ̀, kòtò tí táyà àpamọ́ ń gbé nínú búùtù, ẹ̀yìn iná iwájú. Ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí.

Ìdí nìyẹn tí Kuya Nestor, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń se oúnjẹ ní ilé ìwòsàn kan ní Kuwait, fi fi ọ̀rọ̀ mọ́tò lé e lọ́wọ́. "Ìwọ lo mọ mọ́tò nínú gbogbo wa," ó wí lórí fóònù. "Èyí tó bá ti dáa lójú ẹ, ó ti dáa lójú mi."

Kíndìnrín ìyá wọn, Nanay Tinang, ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ ni Senda ń gbé e kọjá afárá lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀kadà tí wọ́n so àpótí ìjókòó onírin mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ń bọ̀, á ti rẹ ìyá tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ kò ní lè gbé orí dúró, bí kẹ̀kẹ́ bá sì ti já sí kòtò, orí ìyá á lu irin. Mọ́tò kékeré tó lè yí nínú ọ̀nà tóóró wọn, tí ìyá lè fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀, tí kò ní kú sójú ọ̀nà, ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Nígbà tí Mare Luring, ìyàwó Emong, ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ta tiwọn, ṣe ni gbogbo ilé ń dúpẹ́ pé ọwọ́ ẹbí ni mọ́tò máa ti wá. Ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ níbi ìsàmì, Pare ni yóò máa jẹ́ fún ọ títí, ìyàwó rẹ̀ sì ni Mare, Mare ni àwọn náà yóò sì máa pè ọ́ bí o bá jẹ́ obìnrin. Ẹ ti di ẹbí.

Mare Luring ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Senda! Wọlé, wọlé. Wá jẹun ná."

"Ẹ ṣé, Mare. Mo ti jẹun."

"Irọ́ ni. Ta ló ń jẹun kó tó wá sílé mi? Emong, wo ọrùn ẹ̀, ó ti gbẹ bí igi ìṣáná. Jókòó, jàre. Mọ́tò ò ní sá lọ."

Senda wo mọ́tò náà láti ibi tó dúró. Aláwọ̀ eérú ni, ó kéré, ó ń dán nínú oòrùn lábẹ́ páànù. Ó fẹ́ sọ pé kí òun kọ́kọ́ wò ó. Ṣùgbọ́n àwo núdùùsì pansit ti wà lórí tábìlì, èéfín ń jáde lára rẹ̀, wọ́n ti gé kalamansi, ọsàn kíkan kéékèèké, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, Mare Luring sì ti fa àga sẹ́yìn fún un. Ó jókòó. Ó jẹun.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ẹnu nídìí tábìlì rẹ kò lè kúnlẹ̀ lójú rẹ kó máa fi tọ́ọ̀ṣì wá àbùkù sí ohun ìní rẹ. Bí a bá fẹ́ wò ó, kí a tó jẹun ni. Senda mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún bu òmíràn sí i.

Mare Luring ló ń sọ̀rọ̀ jù. "Mọ́tò yìí ò mọ òjò o! Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, Emong á ti fi tapólì bò ó. Gbogbo àdúgbò ń bi mí pé ṣé mọ́tò ni àbí ọmọ ìkókó. Nanay á gbádùn ẹ̀. Kì í ṣe ẹrù tá ò mọ̀dí la fẹ́ tà fún ẹ, ohun tí àwa fúnra wa ń lò ni."

Emong kò sọ púpọ̀. Télọ̀ ni, aṣọ ilé ìwé ló ń rán, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń wá nǹkan ṣe nígbà gbogbo. Ó ń fi èékánná ha àbàwọ́n kan lórí aṣọ tábìlì.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ìdí mọ́tò, Senda gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná.

"Mo ti tan ẹ́ńjìnì ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ dè ẹ́," Emong wí, "kó má bàa dà ẹ́ láàmú."

Ẹni tó fẹ́ mọ bí ẹ́ńjìnì ṣe rí gbọ́dọ̀ bá a ní tútù. Senda mọ̀ ọ́n. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé inú rere ni Pare fi ṣe é. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo ẹ́ńjìnì yọ, epo mọ́. Ó wo ìwé mọ́tò, ó pé. Ó wo táyà, ó dáa. Gbogbo ohun tí ènìyàn lè wò ní ìdúró láìtẹ̀ ẹ̀yìn ló wò. Lẹ́yìn náà ló ṣílẹ̀kùn, ó wọlé jókòó.

Òórùn ewé pandan ló pàdé rẹ̀. Gbogbo wa la ń fi ìdì pandan sínú mọ́tò kó lè máa ta sánsán, ìdì kan sì tó. Abẹ́ àga kọ̀ọ̀kan ni ìdì wà nínú eléyìí, tútù yọ̀yọ̀, bíi pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n já a. Ó tan ẹ́síì. Lábẹ́ òórùn pandan, òórùn mìíràn ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òórùn àkísà tí ènìyàn gbàgbé sínú korobá. Ó fi ìka tẹ kápẹ́ẹ̀tì. Ó gbẹ, ó nípọn, kò sì tíì gbó tó mọ́tò tó wà nínú rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi bẹ́líìtì fúnra rẹ̀. Ó fà á díẹ̀, ó mọ́. Ó tún fà á. Bó ṣe fẹ́ máa fà á lọ ni ọwọ́ Emong wọlé láti ojú fèrèsé, ó sì bo ọwọ́ tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bẹ́líìtì yẹn lágbára, Mare," ó wí.

Kò wo ojú rẹ̀. Sítíárìn ló ń wò. Kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Senda mọ̀ nígbà náà pé Emong mọ̀.

Mare Luring ń bọ̀ láti inú ilé, ó gbé puto, àkàrà ìrẹsì, sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún Nanay, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń so bẹ́líìtì! Ó ti fẹ́ gbé e lọ ni. Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

Senda ju bẹ́líìtì sílẹ̀, ó sá padà wọ inú ihò rẹ̀.

"Ó dáa, Mare. Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Sátidé ni kó o wá gbé e."

Ní gbogbo ọ̀nà, puto ń gbóná lọ́wọ́ Senda, kò sì lè gbé orí sókè wo ẹnikẹ́ni. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti rí: Pare, omi ti wọ mọ́tò yín. Ọmọdé lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lójú Mare Luring, lẹ́yìn pansit, pẹ̀lú ọwọ́ Emong lórí ọwọ́ òun? Ó rò pé bóyá òun á rí ọgbọ́n dá kó tó di Sátidé. Kò rí ọgbọ́n kankan dá.

Ńṣe ni ọ̀rọ̀ ń tóbi sí i nínú ilé. Nanay jẹ puto, ó bèèrè àwọ̀ mọ́tò, ó sì pe Aling Sabel tó ń gbé lódìkejì pé kó wá gbọ́. "Iwájú ni màá jókòó sí," ó wí. "Mi ò fẹ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé òkú sí." Kuya Nestor náà pè.

"Ṣé o wo abẹ́ ẹ̀?"

"Mo wò ó, Kuya."

"Ẹ́ńjìnì ńkọ́?"

"Ó ń dún dáadáa."

"Mo mọ̀ pé o ò ní já wa kulẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tá a jọ ń gbé níbí pé ìyá mi ti kúrò nínú kẹ̀kẹ́. Rí i pé o ya fọ́tò o, kí Nanay jókòó síwájú, kó fi ọwọ́ jáde."

Senda ní òun á yà á. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó ń fọ ìkòkò tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó di Tọ́sìdeè, wọ́n tún wọ kẹ̀kẹ́. Inú Nanay dùn. Ó fi ọwọ́ lu èjìká awakọ̀.

"Ìwọ yìí, má rò pé màá ṣàárò ẹ. O ti fọ́ mi ní ìdí tó."

"Ìyá àgbà, ẹ ó pè mí padà. Mọ́tò kì í gbọ́ ìsọkúsọ bíi tèmi."

"Ìdí tí mo ṣe fẹ́ mọ́tò nìyẹn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Senda kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti dé orí afárá, oòrùn ń jó, ọkọ̀ tò síwájú, ọkọ̀ tò sẹ́yìn. Ó ń ro wáyà tí omi ti wọ̀. Kì í sọ ọjọ́ tó máa kú. Ó lè ṣiṣẹ́ ọdún kan, kó wá dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láàrin afárá, kí gíláàsì kọ̀ láti wálẹ̀, kí ìlẹ̀kùn kọ̀ láti ṣí, kí ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ẹ̀rọ dìde wà nínú rẹ̀ bí ẹja nínú páànù. Òun ló sì máa gbé e síbẹ̀. Nítorí kí ojú má bàa ti òun nídìí tábìlì ẹnì kan.

Wọ́n so Nanay mọ́ ẹ̀rọ, oorun gbé e lọ. Senda sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ń bọ̀, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ padà lọ sílé Emong.

Emong wà nídìí máṣíìnì rẹ̀, ó ń rán yẹ̀rì ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Mare. Sátidé la sọ."

"Mo mọ̀, Pare. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi fa bẹ́líìtì yẹn dé òpin."

Ó bojú wẹ̀yìn. "Rọra sọ̀rọ̀. Luring wà lẹ́yìn ilé, ó ń sá aṣọ."

"Ẹ mọ̀, àbí?"

Emong yọ yẹ̀rì kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ká a sí méjì, ó tún un ká. "Mo mọ̀. Mò ń dúró de Luring lọ́jà lọ́jọ́ kan, mò ń fi ọwọ́ rán etí ṣòkòtò nínú mọ́tò, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì kí n lè wá a. Ẹrẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. Ó ti gbẹ, ó ti là bí ilẹ̀ oko ìrẹsì nígbà ọ̀dá."

"Ta ló tà á fún yín?"

"Ọkùnrin kan tá a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó se adìẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní mọ́tò dáa." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Bí ìwọ náà ṣe ṣe. Mo ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun, mo tẹ́ ẹ lé e lórí. Ilẹ̀ ìrẹsì tí ìyá Luring fi sílẹ̀ fún un ló tà ká tó rà á, Senda. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un?"

"Ẹ wá fẹ́ tà á fún mi. Ẹ mọ ẹni tí mo fẹ́ máa gbé."

"Luring ló ránṣẹ́ sí ẹ, èmi kọ́. Ó ní ká ṣe yín lóore. Tí mo bá ní rárá, á bèèrè ìdí." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mò ń sọ fún ara mi pé kò tíì kú fún wa lẹ́ẹ̀kan. Pé bóyá kò ní ṣe nǹkan kan."

"Bóyá," ni Senda wí.

"Kí ni mi ò gbọdọ̀ gbọ́? Kí ló ṣe bẹ́líìtì mọ́tò wa?"

Mare Luring ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, abọ́ aṣọ tútù wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo Senda, ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá lọ sí ìdí mọ́tò. Wọ́n gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí.

Ó fa bẹ́líìtì. Apá àkọ́kọ́ funfun. Ó tún fà á, ó di àwọ̀ tíì. Ó ń fà á lọ títí kò fi lè jáde mọ́, apá ìgbẹ̀yìn náà le bí awọ, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì ń bọ́ lára rẹ̀ sórí itan rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó di bẹ́líìtì mú.

"Mo ní mọ́tò yìí ò mọ òjò," ó wí. "Mo sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Mo sọ ọ́ fún Fada."

"Luring..."

"Dákẹ́ ná. Ọdún kan, Emong. Ìwọ ń gbé mi lọ sọ́jà nínú ẹ̀. Ìwọ ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ wẹ̀ lódò nínú ẹ̀."

"Ojú ló ń tì mí."

"Ojú ń tì ọ́. Ó dáa." Ó yí ojú sí Senda. "Ìwọ ńkọ́?"

Senda ṣí sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan.

"O fọ mọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Má sọ fún mi pé o ò rí i."

"Mo rí i, Mare."

"O rí i. O wò mí lójú, o ní ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. O gba puto mi. Ṣé o fẹ́ kí n wà níbí kí n máa yangàn pé mo ṣe Nanay lóore, títí dìgbà tí Nanay máa..." Kò parí rẹ̀. Ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lórí itan rẹ̀. "Ẹ̀ ń ru ìtìjú tèmi fún mi, ẹ̀yin méjèèjì. Ta ló bẹ̀ yín?"

Láti ọjọ́ Sọ́ńdè ni Senda ti ń sá fún ìtìjú, ó rò pé èyí tó wà nídìí tábìlì ló tóbi jù. Èyí tó dé bá a yìí pọ̀ ju ìyẹn lọ. Ó dúró lábẹ́ páànù gbígbóná, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mare," ó wí níkẹyìn.

Mare Luring fi bẹ́líìtì sílẹ̀. Ó dìde. "Ṣé Nanay ti fẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ?"

"Kò ní pẹ́ mọ́."

"Mò ń bá ẹ lọ. Èmi ni mo ránṣẹ́ sí i pé mọ́tò ń bọ̀, èmi ni màá sọ pé kò bọ̀ mọ́." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Wá páálí. Kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé omi ti wọ mọ́tò yìí. Gbé e síwájú gíláàsì. Bí ẹnikẹ́ni bá kà á tó ṣì fẹ́ rà á, kó rà á."

"Àwọn aládùúgbò á rí i."

"Ṣebí wọ́n lójú."

Emong fa páálí bọ́tìnnì kan ya. Ṣọ́ọ̀kì funfun tó fi ń sàmì sórí aṣọ ló mú, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gé aṣọ olówó ńlá. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Senda àti Mare Luring jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Wọ́n ti jókòó sí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn nígbà tí fóònù Senda dún. Kuya Nestor ni. Ariwo ìkòkò wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Senda! Ó ku ọ̀túnla! Ṣé ẹ ti rí ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí?"

Ó lè sọ pé wọ́n ti rí ẹlòmíràn tó rà á. Mare Luring wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wò ó, ṣùgbọ́n kò yí etí kúrò.

"Kuya, mi ò ra mọ́tò náà mọ́. Omi ti bò ó rí."

"Haa! Ọlọ́run ló yọ wá. Ìgbà wo lo wá rí i?"

"Ọjọ́ Sọ́ńdè."

"Ọjọ́ Sọ́ńdè lo sọ fún mi pé ó dáa."

"Mo mọ̀. Mo ti jẹun nílé wọn. Ojú tì mí láti sọ̀rọ̀."

"Ojú tì ẹ́." Ìkòkò kan ṣubú lọ́dọ̀ rẹ̀, kò bìkítà. "Nanay lo fẹ́ gbé sínú ẹ̀, Senda. Ìwọ ni mo fi ṣe ojú mi níbẹ̀. Ṣé Nanay ti gbọ́?"

"Kò tíì gbọ́."

"Sọ fún un fúnra ẹ."

Ó pa fóònù. Láti ọjọ́ tó ti lọ sí Kuwait, kò tíì pa fóònù rí láìsọ pé ó dàbọ̀.

Nọ́ọ̀sì ti Nanay jáde lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ètè rẹ̀ funfun. Mare Luring bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Nanay, èmi ni, Luring. Mọ́tò yẹn ò bọ̀ mọ́. Omi ti wọ̀ ọ́ kí àwa tó rà á. Emong mọ̀, kò sọ fún mi. Ẹ má bínú sí wa."

Nanay rò ó díẹ̀. "Ẹja ni wọ́n wá fẹ́ tà fún wa nígbà yẹn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó wo ojú àwọn méjèèjì yòókù, ó dákẹ́.

"Nanay," Senda wí, "èmi náà mọ̀."

Ìyá la ojú. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Sọ́ńdè tí mo lọ wò ó."

Ìyá wò ó. Kò jọ ìbínú. Ó jọ bí ènìyàn ṣe ń wo ilé tó ti gbé rí tí wọ́n ti yí ilẹ̀kùn rẹ̀ padà. "Mo ti sọ fún Sabel pé iwájú ni màá jókòó sí," ó wí.

Wọ́n gbé e wọ kẹ̀kẹ́. Mare Luring jókòó tì í, ó gbé orí rẹ̀ lé èjìká ara rẹ̀. Senda fẹ́ di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, kò mọ̀ bóyá kí òun dì í mú, ó wá di irin kẹ̀kẹ́ mú. Ní orí afárá, bí wọ́n bá já sí kòtò, Mare Luring á fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí ìyá, irin á lu ẹ̀yìn ọwọ́ tirẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Nanay," ó ń wí.

Ọ̀nà ilé gba iwájú ilé Emong. Àwọn ènìyàn ti pé jọ níbẹ̀. Páálí wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, lẹ́tà funfun gbàgàdà: OMI TI WỌ MỌ́TÒ YÌÍ. Emong ti gbé àga kan jáde, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà lójú gbogbo ayé.

"Mang Emong," ẹnì kan ń ké, "ṣé ìwọ̀ ẹja wà nínú ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà?"

"Ṣebí wọ́n ní kò mọ òjò? Òjò nìkan ni kò mọ̀, ó mọ odò!"

Emong kò dìde. Kò sì wọlé.

Nanay fi ìka kan irin. Awakọ̀ dúró. Ìyá kò sọ̀kalẹ̀, kò sí agbára, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ jáde kúrò nínú kẹ̀kẹ́, ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé nítorí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Emong dìde. Ó rìn wá, ariwo àwọn ènìyàn ń rọlẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ó tẹ̀ba, ó gba ọwọ́ ìyá, ó gbé e lé iwájú orí rẹ̀ bí a ṣe ń kí àgbà.

"Kí Ọlọ́run bù kún ẹ," ni Nanay wí, nítorí ohun tí àgbà ń wí nìyẹn.

Emong kò gbé orí sókè. Ó di ọwọ́ ìyá mú mọ́ iwájú orí rẹ̀ títí Senda fi ní láti wo ibòmíràn, ó sì rí i pé kò sí ibòmíràn tó lè wò tí ojú ènìyàn kò sí. Níkẹyìn Nanay rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ṣé ẹ máa sọ̀kalẹ̀ níbí, Mare?" Senda bèèrè jẹ́ẹ́.

Mare Luring wo ilé rẹ̀, ó wo páálí. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ máa lọ, ó sì tún di orí ìyá mú.